Kọ́ńsọ́tàǹtì orí fóònù: ẹ dá a padà fún wa

Ẹ̀yin ará Okun, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde. Nígbà Kòrónà, àwọn kọ́ńsọ́tàǹtì, ìyẹn àwọn dókítà àgbà tó mọ ẹ̀ka ìṣègùn kan dunjú, ń tọ́jú àwọn èèyàn wa lórí fóònù. Bí àrùn náà ṣe rọlẹ̀, wọ́n ní ká máa wọkọ̀ bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò rí ìdí rẹ̀.

Ibi tá a wà ló jẹ́ kọ́rọ̀ náà ká wa lára ju ẹlòmíì lọ. Ọmọ Kogi ni wá lóòótọ́, àmọ́ tí àìsàn bá ti le díẹ̀, Kwara ni púpọ̀ nínú wa ń gbé e lọ. Ẹni tó bá ń gbé Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Torí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì ní May 2020, ẹnubodè dá wa dúró, dókítà wa sì wà lọ́hùn-ún. Ìgbà tó di 1 July ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà. Láàárín ìgbà yẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń jiyàn pé kò sí Kòrónà ní Kogi. NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ ní 27 May, ni ìjọba ìpínlẹ̀ bá kéde kónílé-ó-gbélé fún Kàbà àti Bùnú. Ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń tán lọ ò rí ti àríyànjiyàn rò.

Màmá mi ní àtọ̀gbẹ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa wá sílé, ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ó pe dókítà sórí vídíò. Màmá kọ́kọ́ sọ fún un pé òun ti sanra. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ màmá. Ẹ má tíì tú u sílẹ̀. Ó yá, ẹ tú u." Ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ jin, kò sì kún padà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ àmàlà. Dókítà ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Ó bi màmá pé ìrọ̀rí mélòó ló fi ń sùn, ṣé mímí kì í nira tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kíndìnrín níbí, kí wọ́n ya èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó rí i, ó fi oògùn tó ń fa omi jáde kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wú náà fà.

Lóde òní, màmá yìí kan náà á jí lọ ní ìdájí, a ó máa gbàdúrà káwọn ajínigbé má pàdé ọkọ̀ lọ́nà, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀sán, kí wọ́n tó kọ oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ fún un padà.

Mi ò ní gbogbo àìsàn ni fóònù lè wò o. Dókítà ojú ò lè wọn ìfúnpá inú ẹyinjú lórí WhatsApp. Ẹni tí inú ń run dójú ikú, ọwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ ikùn rẹ̀. Àwòrán ara tí wọ́n yà lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù pupa á kàn ṣi dókítà awọ ara lọ́nà ni. Àmọ́ ti ọpọlọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ọ ní géètì ilé ìwòsàn kó lọ ròyìn rẹ lọ́jà. Nínú ìlú kékeré, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Èmi mọ ohun tó pa ìtọ́jú orí fóònù yìí: owó. Ní Amẹ́ríkà, March 2020 ni ìjọba sọ pé Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, á san iye kan náà, yálà aláìsàn wá sí ọ́fíìsì tàbí dókítà rí i lórí vídíò. Tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìgbèríko nìkan ni wọ́n sábà máa ń san án fún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ jókòó sí ilé ìwòsàn kan kí wọ́n tó gbé vídíò náà. Ṣé ẹ wá rí ìdí táwọn kọ́ńsọ́tàǹtì ibẹ̀ fi tú yáyá sí i? Níbí, ta ló dá iye kan lé e? Dátà ara rẹ̀ ni dókítà màmá mi fi ń pè, lẹ́yìn tó ti iṣẹ́ dé. Ojú àánú ló fi ṣe é, mi ò sì lè bá a jà pé ó rẹ̀ ẹ́.

Torí náà, kí wọ́n gbowó. A ó san án, kò lè tó owó ọkọ̀. Kí aláìsàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́, kí èyí tó kù jẹ́ ti fóònù. Ẹ má sì kó áàpù wá, màmá mi ò ní ṣí i. Yàrá kan ni ká ní, ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti ìjọ ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan, ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti sólà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá gbé vídíò, kí nọ́ọ̀sì pe dókítà, kó ka nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà sí i létí.

Ẹ̀yin aṣòfin wa tó ń pín ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìránṣọ, owó ọ̀kadà díẹ̀ á ṣe é. Ẹ̀yin kọ́ńsọ́tàǹtì ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwé tó wà lókè òkun, tí ìwé àṣẹ yín láti MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà láṣẹ ní Nàìjíríà, bá ṣì ń ṣiṣẹ́, òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ la ń bẹ̀ yín fún. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa gbà.