Èsì wa sí oníbàárà tó fún híítà gáàsì òròmọdìẹ wa ní ìràwọ̀ kan

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ sì kú àmúmọ́ra àwọn òròmọdìẹ tó bá ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. A ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, a sì fara balẹ̀ wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fi tì í. Fún àǹfààní àwọn mìíràn tó ń kà á: ẹ̀gbọ́n wa ní híítà gáàsì tí àwọn rà lọ́wọ́ wa fún títọ́ òròmọdìẹ máa ń kú fúnra rẹ̀ lóru. Wọ́n pe oníṣẹ́ kan kó bá wọn tún un ṣe. Láti ìgbà náà kò kú mọ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ èéfín dúdú, ilẹ̀ ilé adìẹ tutù rinrin, òròmọdìẹ 43 sì ti kú nínú 500. Wọ́n ní ayédèrú ọjà ni, kí a dá owó àwọn padà. Ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti wá sọ pé ọmọkùnrin tó ń sùn ti àwọn adìẹ náà ń ráhùn orí fífọ́, ó sì bì ní ìdájí ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n, ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn adìẹ tó kú dùn wá, a mọ iye owó tí wọ́n ń ta òròmọdìẹ léyà, ìyẹn adìẹ ẹlẹ́yin, lásìkò yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló jù. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kó máa rẹ ènìyàn láìṣe iṣẹ́ kankan, nínú ilé tí iná ti ń jó tí a sì ti dí pa, àmì carbon monoxide ni, afẹ́fẹ́ olóró tí iná tí kò jó dáadáa ń tú jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú kò rí i. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ gba àyè ọ́síjìn, ẹni tó bá sì bá a lójú oorun lè má jí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà sùn síbẹ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà gbangba pé ẹ̀gbẹ́ iná gáàsì nínú ilé tí a dí ló ń sùn. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò, wọ́n á fún un lóògùn ibà, á sì tún padà sí ẹ̀gbẹ́ iná. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni dákú síbẹ̀, ẹ fà á jáde sí gbangba ná, kí ẹ tó pe ènìyàn; ẹ má dúró nínú ilé náà máa jí i, torí afẹ́fẹ́ tó mú un náà ni ẹ̀yin ń mí.

Fọ́tò kejì ló dá jìnnìjìnnì bò wá. Ẹ wo ìdí bọ́tìnì híítà náà: wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀, páìpù bàbà tín-ín-rín tó yẹ kí orí rẹ̀ wà nínú iná kékeré tó ń jó nísàlẹ̀ híítà sì ti wà ní kíká sí ẹ̀gbẹ́ kan. Páìpù tín-ín-rín yẹn ni wọ́n ń pè ní thermocouple. Ooru iná kékeré náà ló ń mú kó pèsè iná mànàmáná bíńtín, bíńtín yẹn ló sì ń di ojú ọ̀nà gáàsì mú kó má pa dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 nígbà tí ẹ bá ń tan híítà, kí ẹ tó fi í sílẹ̀: orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ná. Bí iná bá kú, orí yẹn á tutù, ọ̀nà gáàsì á sì pa dé láàárín bíi ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Oníṣẹ́ yẹn kò tún híítà ṣe. Ohun tó ń ṣọ́ yín lóru ló yọ kúrò.

Bó ṣe wà báyìí, tí iná bá kú, gáàsì á máa tú jáde títí sílíńdà á fi gbẹ. Gáàsì tí à ń rà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Propane àti butane ló wà nínú rẹ̀: propane wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀, butane sún mọ́ ìlọ́po méjì. Kì í gòkè lọ bá páànù, ilẹ̀ ló ń sùn sí, láàárín èérún pákó àti abọ́ omi àwọn adìẹ. Ẹni tó bá wọlé ní ìdájí tó tan gílóòbù tàbí tó ṣá ìṣáná kò ní ráyè sá. Nítorí náà, ibi yòówù tí ẹ bá ti gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì, ì báà jẹ́ láti tàn án tàbí láti pa á. Ẹ pa sílíńdà láti orí rẹ̀, ẹ ká tapólì tí ẹ fi bo ẹ̀gbẹ́ ilé náà sókè láti ilẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì jáde.

Ẹ ó bi wá pé kí ló dé tó fi ń kú tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú fọ́tò yín. Sílíńdà 12.5 kg kan ṣoṣo la rí níbẹ̀. Híítà yẹn, tí ẹ bá ṣí i dé òpin, ń jó bíi 0.3 kg ní wákàtí kan. Bí omi ni gáàsì ṣe wà nínú sílíńdà. Ooru tó ń gbà láti ara sílíńdà ló ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń gbà á ni sílíńdà ń tutù. Butane tó wà nínú gáàsì wa kì í fẹ́ jáde dáadáa nínú òtútù. Ní òru ọyẹ́, tí gáàsì bá ti lọ sí ìdajì, agbára tó ń tì í jáde á dínkù, iná á rẹlẹ̀, thermocouple á tutù, híítà á pa. Ẹ fọwọ́ kan ara sílíńdà ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru: ẹ ó rí omi tó sẹ̀ sí i lára láti ìdí, ibi tí omi yẹn sì dá dúró ni gáàsì tó kù dé. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ so sílíńdà méjì pọ̀, tàbí kí ẹ lo ti 50 kg, torí èyí tó tóbi kì í tètè tutù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé sílíńdà sínú omi gbígbóná, kí wọ́n má sì gbé ìkòkò èédú sí ìdí rẹ̀. A ti gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe é.

Régúlétọ̀ tó wà lórí sílíńdà yẹn, ti sítóòfù ìdáná ni. Èyí tó bá híítà wá nínú páálí ni kí ẹ dá padà síbẹ̀. Agbára gáàsì tí wọ́n ń jẹ́ kó jáde kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti tapólì, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà èéfín àti ilẹ̀ tútù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Híítà yìí kò ní ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde síta. Inú yàrá gan-an ni iná rẹ̀ ti ń jó, gbogbo ohun tó bá sì ti ara iná náà jáde, inú yàrá ló ń dà sí. Òun ló jẹ́ kí gbogbo ooru rẹ̀ wúlò, tí kò fi sí èyí tó ń ṣòfò lọ sójú ọ̀run. Òun náà ni kò jẹ́ kó bá ilé tí a dí pa mu. Kílò gáàsì kan nílò bíi kúbíìkì mítà 13 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán dáadáa, á sì tú omi tó lé ní lítà kan ààbọ̀ sínú ilé gẹ́gẹ́ bí ooru omi tí ojú kò rí. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, kílò 3 á ti jó. Omi tó sún mọ́ lítà 5 nìyẹn lóru ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ tó sì gbà tó èyí tó kún inú yàrá tó jẹ́ mítà 4 níbùú àti lóòró. Ibẹ̀ ni èérún pákó yín ti ń tutù, kì í ṣe pé abọ́ omi ń jò. Níbi tí èérún pákó bá sì ti tutù, ìgbẹ́ adìẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ènìyàn lójú, àwọn òròmọdìẹ náà á sì máa mí in.

Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, tapólì aláwọ̀ búlúù ti bò láti etí páànù dé ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. A mọ̀ pé ìfẹ́ àwọn adìẹ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú híítà nínú fọ́tò yẹn kan náà: iná pupa rúsúrúsú ń yọ ahọ́n jáde níwájú àwo rẹ̀, irin òkè sì ti dúdú. Nígbà tí ara híítà bá dá ṣáṣá, gbogbo ojú àwo yẹn á pọ́n dọ́gba bí ẹyín iná, kò ní sí ahọ́n iná kankan níta, iná kékeré tó wà nísàlẹ̀ á sì jẹ́ búlúù. Ahọ́n iná pupa rúsúrúsú túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ kò tó o. Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Kó tó lọ sílẹ̀ dé 18, ìjóná ti lè bàjẹ́, carbon monoxide á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn òròmọdìẹ kò lè ráhùn orí fífọ́. Wọ́n á kàn tòògbé, wọn ò ní jẹun, ẹ ó sì máa kó òkú wọn láàárọ̀.

Ẹ sọ tapólì sílẹ̀ láti òkè, kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òkè ni kí ẹ ti ṣí i, kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ lu àwọn adìẹ tààrà. Ẹ tún fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ní ìhà kan, torí gáàsì tó ń sùn sílẹ̀. Gáàsì tí ẹ máa jó á pọ̀ sí i díẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín. Ẹ ra alámù carbon monoxide oníbátìrì kan, kí ẹ fi kọ́ sí ibi tí ènìyàn ti ń dúró ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dandan kí ẹ rà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ, ìta ni kó sùn, kó máa wọlé wá wò wọ́n kó sì jáde.

Nípa ìgbóná, ẹ má wo híítà, àwọn òròmọdìẹ ni kí ẹ wò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 34 sẹ́ńtígíréèdì ló dáa ní ibi tí ẹ̀yìn wọn dé, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dín in kù ní bíi 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá kó jọ lé ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá sí etí tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀. Tí gbogbo wọn bá fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ẹ lọ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà.

Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi gbé híítà kọ́ nínú fọ́tò kẹta. Ẹ yọ ọ́, ṣéènì ló bá a wá. Kí àyè tó wà láàárín híítà àti tapólì má dín ní mítà kan. Sílíńdà, ìta ni àyè rẹ̀, lábẹ́ ibòji, kó dúró ṣánṣán, torí bí ó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì ló máa gba inú rọ́bà. Rọ́bà náà, ẹ gbé e gba òkè, kì í ṣe inú èérún pákó níbi tí eku á ti gé e jẹ láìsí ẹni tó máa mọ̀.

Ìtọ́jú híítà kò le, ṣùgbọ́n ilé adìẹ kún fún eruku, ìyẹ́ àti lẹ́búlẹ́bú oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wọ ibi tí iná ti ń fa afẹ́fẹ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ nu àwo rẹ̀ àti ẹnu tó ń gba afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ yẹ inú páìpù rẹ̀ wò, aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀. Ihò bíńtín tí gáàsì ń gbà jáde, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Tó bá fi irun orí kan fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iná kò ní jó dáadáa mọ́ láéláé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé, níbi tó bá ti ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó.

Lórí owó tí ẹ ní ká dá padà: oníṣẹ́ wa á dé ọ̀dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, á sì mú thermocouple tuntun dání. Tó bá rí i pé ara híítà fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù, owó yín á padà sí àpò yín lọ́jọ́ náà. Kó tó dé, ẹ pa sílíńdà, ẹ tú rọ́bà kúrò lórí rẹ̀, ẹ má sì tan híítà náà rárá. Ẹ sún àwọn adìẹ jọ sí àyè kékeré, ẹ tẹ́ èérún pákó gbígbẹ nípọn sí i, ẹ fi gílóòbù onígíláàsì tó ń gbóná kọ́ sókè wọn bí iná bá wà. Ẹ má fi ìkòkò èédú rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ tapólì yẹn, torí carbon monoxide tirẹ̀ tún pọ̀ ju ti gáàsì lọ. Nígbà tí oníṣẹ́ wa bá ń fi ọṣẹ yẹ oríkèé wò, ẹ dúró tì í, ẹ̀yin àti ọmọ tó ń ṣọ́ adìẹ, kí ẹ rí ọwọ́ tó ń dá sí i, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì yẹn lójú rẹ̀ títí á fi dá yín lójú.