Ta ló ti tọ́jú orí tulip rí ní Àbújá?

Ìyá Gwarinpa: Ẹ kú ooru o. Àbúrò mi kó orí tulip, òdòdó àwọn òyìnbó, bọ̀ láti Holland. Mo fi í sínú fíríìjì, mo wá gbìn ín sínú ìkòkò nínú yàrá tó ní ẹ́síì, ó sì tanná pupa fòò! Òdòdó ti rẹ̀ báyìí, àmọ́ ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ṣé kí n hú orí tó dà bí àlùbọ́sà yẹn ni, àbí kí n fi sílẹ̀? Ibo ni mo máa kó o sí títí di ọdún tó ń bọ̀ tí kò fi ní rà?

Dèjì Kubwa: Àlùbọ́sà ṣáà ni. Ẹ so ó rọ̀ sí ilé ìdáná. Ṣé àwọn tó ń gbin àlùbọ́sà ní Aliero ń béèrè kí wọ́n tó tọ́jú tiwọn ni?

Àdùnní Ọlọ́gbà: Ẹ má tíì hú u o, mà. Òdòdó òkè tó ti rẹ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ gé, kó má baà máa fi agbára so èso. Ẹ fi ewé sílẹ̀ títí á fi pọ́n tí á sì gbẹ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, torí ewé ló ń bọ́ orí tó wà nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó hú u. Ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ sá a níbòji, ẹ kó o sínú àpò àwọ̀n tàbí àpò bébà. Kì í ṣe nínú ọ̀rá o.

Ṣọlá Lugbe: Kí ni ọ̀rá ṣe? Inú ọ̀rá ni màmá mi ń kó àlùbọ́sà sí.

Àdùnní Ọlọ́gbà: Á làágùn nínú ọ̀rá, á sì bu. Mo ní KÌ Í ṢE Ọ̀RÁ.

Baba Ìbejì Nyanya: Òdòdó nínú fíríìjì! Omi mímu gan-an kò tutù nínú tèmi, iná ò sí.

Kúnlé Ọmọ Jos: Ẹ gbé e wá sí Jos. Jos tutù. Ọ̀rọ̀ parí.

Tíṣà Gembu: Jos ń tutù lójú ẹni tí kò dé orí òkè Mambilla ní Taraba rí. Mambilla ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà. Jos ńkọ́? Nǹkan bíi 1,200.

Kúnlé Ọmọ Jos: Haba, Tíṣà! Ta ló ń fi mítà wọn otútù? Ànàmọ́ òyìnbó tí ẹ̀ ń jẹ, ibo ló ti ń wá? Strawberry ńkọ́?

Tíṣà Gembu: Oko tíì Kakara ńkọ́? Ṣé Jos ló wà?

Àdùnní Ọlọ́gbà: Ẹ jọ̀ọ́, nínú méjèèjì kò sí èyí tó tó. Otútù tí kò tó 9 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni tulip ń fẹ́, tọ̀sán tòru, fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Òru Jos lè tutù nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán á tún mú un gbóná. Fíríìjì nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má kó ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n sínú fíríìjì ọ̀hún, torí afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára èso ń pa òdòdó tó wà nínú orí yẹn kó tó jáde rárá.

Dèjì Kubwa: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pa òdòdó? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi ń jẹ ẹ̀pà yìí náà? 😂

Mama Tawa: Ṣé orí tulip yìí ṣeé jẹ?

Ṣọlá Lugbe: Àwọn ará Holland jẹ ẹ́ nígbà ìyàn 1944 sí 1945, nígbà ogun Hitler.

Àdùnní Ọlọ́gbà: Ebi ló lé wọn débẹ̀! Májèlé wà nínú rẹ̀. Ajá tó bá jẹ ẹ́ á máa bì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi se ọbẹ̀.

Dèjì Kubwa: Tulip kan náà ló sọ àwọn kan di onígbèsè ní Holland ní 1637. Orí kan ń tó owó tí wọ́n fi ń ra ilé, kí iye rẹ̀ tó já wálẹ̀ lójijì. Ìyá Gwarinpa, ẹ tètè tà á!

Ìyá Gwarinpa: 😂 Ẹ ṣeun o, Àdùnní. Tí mo bá ti sá a tán, ibo ló máa wà kó tó di àkókò fíríìjì?

Kúnlé Ọmọ Jos: Tíṣà, ẹ ò tíì dáhùn. Ta ló tiẹ̀ mọ Gembu?

Tíṣà Gembu: Àìmọ̀ yín kò dín otútù wa kù.

Kúnlé Ọmọ Jos: Jos ni wọ́n bí mi sí. Súwẹ́tà ni mo fi dàgbà!

Tíṣà Gembu: Súwẹ́tà? Àwa ń yáná.

Àdùnní Ọlọ́gbà: Ibi tó ṣókùnkùn, tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, mà. Kó má gbóná púpọ̀. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbé e sí fíríìjì. Àmọ́ kí n má tàn yín: orí tó tanná yìí á kú, àwọn ọmọ kéékèèké ló máa fi rọ́pò ara rẹ̀, wọ́n sì lè má tanná lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdọọdún ni àwọn tó wà nílẹ̀ olóoru máa ń ra tuntun.

Alhaji Ìlọrin: Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ń jà lórí asán. Òkè Obudu ní Cross River tutù ju ilé ẹ̀yin méjèèjì lọ.

Kúnlé Ọmọ Jos: Alhaji, Obudu kì í ṣe ìhà àríwá.

Tíṣà Gembu: Ẹ ṣeun, Kúnlé. Alhaji, ẹ jókòó, sà.

Alhaji Ìlọrin: Ṣé èmi lẹ̀ ń sọ pé kó jókòó? Mo ti ń gbé Kaduna kí wọ́n tó bí yín!

Kúnlé Ọmọ Jos: Ẹ má bínú, sà. Àmọ́ Jos ṣì tutù ju Gembu lọ.

Àdùnní Ọlọ́gbà: ÌSÀLẸ̀ 9. Ọ̀SẸ̀ 12. FÍRÍÌJÌ.

Baba Ìbejì Nyanya: Iná ńkọ́?

Mama Tawa: Tíṣà, tíì Mambilla yẹn, èló ni páálí kan?

Tíṣà Gembu: Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, Màmá. Mo lè fi ránṣẹ́ sí Àbújá.

Kúnlé Ọmọ Jos: Ẹ rí i? Ọjà ló ń polówó látàárọ̀!