Iye ìtọ́kasí kọ́ ni òṣùwọ̀n onímọ̀ títo eyín

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí iye ìtọ́kasí tó wà lábẹ́ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lórí ìkànnì Google Scholar, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tiwọn, bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ka àwọn dókítà tó ń to eyín ló sì jẹ́ kó hàn kedere.

Ẹ wo h-index tí gbogbo ènìyàn ń pè kiri, nọ́ńbà tí wọ́n ń fi àpilẹ̀kọ àti ìtọ́kasí ènìyàn ṣírò. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, ló gbé e jáde ní 2005. Bí ènìyàn bá ní àpilẹ̀kọ 10 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà 10, h-index rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tó kọ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n tọ́ka sí nígbà 1,000, 1 péré ló ní, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ láé.

Ní ìlú San Diego yẹn kan náà ni Lawrence Andrews ti ń to eyín. Ó kó àwòṣe eyín 120 jọ, ti àwọn tí eyín wọn tò dáadáa láìjẹ́ pé wọ́n de wáyà rí. Ó yẹ̀ wọ́n wò títí ó fi rí ohun mẹ́fà tí wọ́n fi jọra, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972 nínú American Journal of Orthodontics. Ibẹ̀ ni bírákẹ́ẹ̀tì straight-wire ti wá, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín láti di wáyà mú. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni dókítà fi ń tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí eyín kọ̀ọ̀kan. Andrews gbé iṣẹ́ náà wọnú bírákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín ọmọ lónìí, ìran tirẹ̀ ni. Àmọ́ bí a bá fi àpilẹ̀kọ yẹn nìkan ṣírò, h-index rẹ̀ kò ju 1 lọ.

Ti Edward Angle, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, tún ga jù bẹ́ẹ̀. Ní 1899 ló pín eyín tí kò tò dáadáa sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Dókítà tó bá wo ẹnu ọmọ tó sọ pé "Class II", ìyẹn ọ̀wọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Angle ló ń sọ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń lò ó nínú ìwé wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Robert Merton, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ìmọ̀ tó bá ti di ti gbogbo ayé, orúkọ ẹni tó ni ín á pòórá kúrò nínú ìtọ́kasí.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àpilẹ̀kọ tí Andrew Wakefield fi so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR mọ́ àìsàn ọtísímù ní 1998, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet fagi lé e ní 2010. Síbẹ̀ ìtọ́kasí rẹ̀ wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nítorí pé àìmọye onímọ̀ ń tọ́ka sí i láti ta kò ó. Ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí kò mọ ìyìn yàtọ̀ sí èébú.

Nílé wa níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ní 1948, William Downs, dókítà tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà, tẹ àwọn ìwọ̀n kan jáde tí dókítà fi ń ka àwòrán X-ray orí. Ọ̀dọ́ 20 péré ló fi ṣe é, òyìnbó ni gbogbo wọn. Bí dókítà ní Ìbàdàn bá fi ìwọ̀n yẹn wo ọmọ Yorùbá tí ètè àti eyín iwájú rẹ̀ yọ síta díẹ̀, bí ti bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò pè é ní àbùkù, ó sì lè yọ eyín tí kò yẹ kó yọ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn tó wọn ojú àti eyín àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò sí nínú Web of Science, àkójọ tí wọ́n fi ń ka ìtọ́kasí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé African Journals Online ti ń kó wọn sójú kan láti 1998. Dókítà tó ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì tìtorí rẹ̀ fi eyín ọmọ sílẹ̀ láìyọ, kò tọ́ka sí i níbì kankan. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ náà ń fi eyín rẹ̀ jẹun, kò sí nọ́ńbà kankan tó pọ̀ sí i lábẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe ìwádìí.

Ẹ tún rántí pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí títo eyín kò pọ̀ tó àwọn tó ń kọ̀wé lórí àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà àwọn tó lè tọ́ka sí iṣẹ́ wọn kò lè pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà ẹnì kan náà, iye tirẹ̀ lórí Google Scholar àti ti Scopus, àkójọ mìíràn tó ń ka ìtọ́kasí, kì í sábà dọ́gba.

Hirsch fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ 2005 yẹn pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ gbogbo ohun tí ènìyàn jẹ́. Ní 2015, Leiden Manifesto, ìlànà lórí bí ó ṣe yẹ kí á máa fi nọ́ńbà díwọ̀n ìwádìí, jáde nínú ìwé ìmọ̀ Nature. Lára ìlànà mẹ́wàá tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí á dáàbò bo ìwádìí tó wúlò fún àdúgbò tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀yin àgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga ní yunifásítì wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹni tó wà níwájú yín pé kó mú àpilẹ̀kọ mẹ́ta tó gbójú lé jù wá, kí ẹ sì jókòó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.