Ta ló ní ohun tó bá ti wá sẹ́nu ni wọ́n ń fọn?

Bí mo bá ti fi jáàsì, orin Amẹ́ríkà tí olórin ti máa ń ṣẹ̀dá ohùn lójú ẹsẹ̀, sí i nínú ọkọ̀, gbólóhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ohun tó bá ṣáà ti wá sí ọkùnrin yìí lẹ́nu ló ń fọn." Àwọn tó fẹ́ràn orin náà pàápàá ń sọ ọ́, àmọ́ tiwọn dà bí ìyìn: wọ́n ní ẹ̀mí ló ń gbé e. Èmi ò gba ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú orin "Body and Soul" tí Coleman Hawkins, tó ń fọn fèrè saxophone, gbà sílẹ̀ ní New York lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1939. Dùùrù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, saxophone wá wọlé jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń mí kó tó la ẹnu. Ó fọwọ́ ba ohùn orin náà fẹ́ẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Ẹni tí ò bá fetí sílẹ̀ dáadáa á ní ó ti ṣìnà. Kò ṣìnà rárá. Bar (ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ń ka orin) 32 ni orin yẹn: mẹ́jọ, mẹ́jọ mìíràn, mẹ́jọ tó yà gba ibòmíràn, àti mẹ́jọ tó padà wálé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hawkins yí i po, kọ́ọ̀dù orin, ìyẹn àwọn ohùn tó ń dún pa pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ló sì ń tẹ̀ lé. Ní apá kẹta, níbi tí orin ti gòkè díẹ̀ kó tó tún sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí fèrè náà ń bá a gòkè, tó ń bá a sọ̀. Ẹni tó kàn ń fọn ohun tó wá sẹ́nu á ti fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀.

Àwa gan-an ló yẹ kó tètè yé. Ta ló rí oníjàálá tó kọ ìjálá sórí ìwé kó tó lọ sóde? Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ní ó ń sọ ìsọkúsọ. Oríkì erin, oríkì ẹkùn, oríkì Oníkòyí, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá rí lójú agbo ló máa pinnu èyí tó máa yọ.

Charlie Parker, tóun náà ń fọn saxophone, sọ fún Paul Desmond, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí fèrè, lórí rédíò ní 1954 pé fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wákàtí 11 sí 15 lójúmọ́ lòun fi ń kọ́ fèrè, débi pé àwọn aládùúgbò ń halẹ̀ pé ìyá òun á kó kúrò ládùúgbò. Sonny Rollins, afọnsaxophone míì, tiẹ̀ ti lókìkí kó tó fi orí ìtàgé sílẹ̀ ní 1959, tó gba orí afárá Williamsburg ní New York lọ, tó ń fi saxophone dánra wò níbẹ̀ títí di 1961.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù ni ti John Coltrane, tóun náà ń fọn saxophone. Ó gba "Giant Steps" sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní 1959. Ẹ fi àwọn tí wọn ò kọ́kọ́ gbé jáde wé èyí tó lókìkí: ẹ ó gbọ́ tí ohùn mẹ́rin-mẹ́rin kan náà ń jáde léraléra, nítorí kọ́ọ̀dù ń yí padà kíákíá débi pé kò sí àyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Tommy Flanagan, atẹdùùrù tó mọṣẹ́ dunjú, kò bá a kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kàn án, ńṣe ló ń táràrà, tó ń dákẹ́ láàárín.

Ṣé wọ́n ti há a sórí nìyẹn? Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Parker gba "Embraceable You" sílẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1947. Nínú àkọ́kọ́, ohùn mẹ́fà péré ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń yẹ ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ wò. Nínú èkejì, ọ̀nà míì pátápátá ló gbà wọlé. Kọ́ọ̀dù kan náà, ọjọ́ kan náà. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni tèmi. Mo ti délé tán lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí títí ó fi tán.