Ta Ló Ní Àkọ́sórí Gbọ́dọ̀ Ṣáájú Ìrònú?

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Nínú ìpàdé àwa olùkọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dìde, wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí kọ́ nǹkan sórí ná. Ẹni tí ò tíì mọ nǹkan kan, kí ló fẹ́ fi ronú?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Páálí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n ń bá wí, wọ́n ní eré ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí pé ojú mi ni òdìkejì rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ìtàn ni mo ń kọ́ ní SS2. Nígbà tí a kan ogun Kírìjì, ìyẹn ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, n ò kọ ohun tó fa ogun sójú pátákó kí wọ́n máa dà á kọ. Mo gé páálí wẹ́wẹ́, mo kọ ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìnira tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn (àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀) fi ń jẹ ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà; Fábùnmi tó bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lórí ní Òkèmẹ̀sí ní 1878; ogun tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ti ń bá Ẹ̀gbá jà láti 1877; ọ̀nà etíkun tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé; Ọ̀yọ́ Ilé tó tú, tí kò sí ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: èwo ló jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ogun ò ní jà? Ẹ tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì múra láti gbèjà bí ẹ ṣe tò wọ́n.

Ọmọ 64 ló wà nínú kíláàsì náà. Nídìí fèrèsé, ọmọbìnrin kan gbá páálí Fábùnmi mú, ó gbé e sókè pátápátá. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í fà á wá sísàlẹ̀. Ó ní, "Bí Fábùnmi ò bá pa á, ẹlòmíì á pa á. Inú ti ń bí gbogbo wọn tẹ́lẹ̀." Ọmọbìnrin yẹn dákẹ́, ó ń fi èékánná họ etí páálí. Ó tó bí ìṣẹ́jú kan kó tó dáhùn pé, "Kí ló dé tí ẹlòmíì ò fi ti pa á tipẹ́?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ ṣí ìwé. Èmi ò rán wọn. Wọ́n ń wá iye ọdún tí Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń wá ohun tó gba ọwọ́ Ìbàdàn lọ́dún yẹn gan-an. Àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé Ìbàdàn ti kó sínú ogun Ẹ̀gbá ni wọ́n gbé páálí 1877 gorí ti Fábùnmi. Ẹ jọ̀ọ́, àkọ́sórí wo ló ṣáájú níbẹ̀? Iyàn ló lé wọn dé inú ìwé.

Nígbà tí táàmù parí, mo bi wọ́n léèrè nǹkan méjì láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Orí ẹ̀kọ́ kan tí mo pè fún wọn tí wọ́n kọ, tí wọ́n sì há sórí, ti fò lọ lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ti Kírìjì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ tí ibùdó ogun ò tú tán títí di 1893, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣàlàyé.

Àwọn tó fara mọ́ ẹ̀gbọ́n á ní ariwo pọ̀, sílábọ́ọ̀sì ò ní parí. Ariwo iyàn ò pa ẹ̀kọ́ lára rí. Wọ́n á ní ọmọ wa ò mọ irú ẹ̀ ṣe. Ẹ lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì lákòókò ìsinmi, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tò Yekini, Okocha àti Osimhen. Ẹni tó bá fi Yekini ṣáájú á ka góòlù 37 tó jẹ fún Nàìjíríà, ẹlòmíì á ní góòlù nìkan kọ́ ni bọ́ọ̀lù. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń jà sí yẹn, ọmọ tó ń jà sí òṣùwọ̀n ti ń ronú.

Ohun kan tún wà. Mo gbà wọ́n láyè kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọbìnrin ìdí fèrèsé yẹn kì í la ẹnu tó bá di Gẹ̀ẹ́sì.

N ò lè búra pé máàkì WAEC á tìtorí ẹ̀ gòkè. Bí olùkọ́ bá sì kàn ní kí wọ́n tò ó láì fún wọn ní òṣùwọ̀n, eré náà ló máa dà lóòótọ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tó mú kí Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914 la fẹ́ tò. Mo ti gé páálí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì wọ́n nídìí fèrèsé.