Ilẹ̀ ló rìn àbí fẹ́ǹsì?

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àwáwí lẹ́nu ẹni tó jẹ ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́ tiẹ̀. "Àwọn bíríkìlà ló ṣì í mọ." "Okùn ló fà." Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ ní Sátidé tó kọjá, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ níbí mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa l'Óṣogbo. 1998 ni wọ́n rà á. Àlàájì tó múlé tì wá wá mọ fẹ́ǹsì, fẹ́ǹsì náà sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì gbáko wọ inú ilẹ̀ wa. Mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ yìí." Kí wọ́n tó lanu, ọmọ wọn tó kàwé jọ́gíráfì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnrú ìlú tán, ti gba ọ̀rọ̀ sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ń rìn o. Áfíríkà ń sún tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún. Ẹ ṣírò ẹ̀ láti 1998."

Mo ṣírò ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí ó ṣe rẹ́gí! Sẹ̀ǹtímítà 61 ni ẹsẹ̀ bàtà méjì. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Fóònù ni mo ń tẹ̀, mo ń kàwé. Ọmọ yẹn ò purọ́. Èèpo ilé ayé yìí kì í ṣe odindi, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni, àpáta tó wà nísàlẹ̀ wọn sì gbóná débi pé ó ń rọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀dà ojú títì lọ́sàn-án gangan. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn, gbogbo ilẹ̀ ayé ṣì so pọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ti tó mílíọ̀nù 100 ọdún tí òkun ti ráyè wọ àárín àwa àti Bùràsíìlì. Àwọn ará Bùràsíìlì tó máa ń wá síbi ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, etí òkun wọn àti tiwa ṣì bára mu bí igbá àti ọmọrí. Ìyapa yẹn tiẹ̀ fẹ́ fa Nàìjíríà náà ya: àpá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò parí ni àfonífojì odò Bẹ́núé. (Ẹ má bi mí bóyá ì bá dáa kó parí ẹ̀.)

Alfred Wegener, ará Jámánì, sọ ọ́ ní 1912, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní onímọ̀ ojú ọjọ́ ni, kí ló kàn án kan àpáta? Wọ́n bi í pé kí ló ń ti ilẹ̀, kò rí èsì gidi fọ̀. Ó kú sí Greenland ní 1930, ó sì di nǹkan bí 1960 sókè kí wọ́n tó yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò dáadáa, tí wọ́n gbà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ti tan ilẹ̀ n'Ífẹ̀ kí òyìnbó tó mọ̀, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Àmọ́ ibi tí ọmọ Àlàájì ti fẹ́ fi mí gọ̀ nìyí: inú ọkọ̀ kan náà la jọ wà! Bí ọkọ̀ bá gbéra l'Óṣogbo tó ń lọ sí Ìbàdàn, ṣé ẹni tó jókòó sídìí fèrèsé ló máa wá bára ẹ̀ lórí itan mi? Ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Àlàájì, ààfin Àtáọ́ja, títí dé Kánò, orí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ pé Afar ní Etiópíà là ń gbé, mi ò ní jà. Lóṣù kẹsàn-án 2005, ilẹ̀ ibẹ̀ là láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gígùn ojú ibi tó là sì tó kìlómítà 60. Nígbà tí ilẹ̀ sì mì ní San Francisco ní 1906, fẹ́ǹsì kan já sí méjì, ìdajì kan sì fi ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní 15 jìnnà sí èkejì. Níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ló rìn lóòótọ́. L'Óṣogbo ńkọ́? Èèyàn ló gbé búlọ́ọ̀kù.

Mo ti to gbogbo ẹ̀ sẹ́nu bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ padà lọ bá wọn. Ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ pe awọnlẹ̀, kí ẹnu mi lè gbà á dáadáa. Ó dé ní ọjọ́ Ajé, ó tú ìwé bàbá mi wò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Nínú òpó ààlà mẹ́rin, ẹyọ kan la rí. Nọ́ńbà ara ẹ̀ kì í ṣe tinú ìwé.

Màmá mi tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ló wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé èyí? Bàbá yín ló ní kí wọ́n hú u lọ́jọ́sí, kí wọ́n gbé e sún sọ́hùn-ún díẹ̀, torí ilé ìkán kan tó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Díẹ̀ yẹn tó báwo, Màámi?"

Wọ́n ní ta ló rántí?

Mo ti ní kí awọnlẹ̀ ṣì máa lọ ná. Mi ò tíì padà sọ́dọ̀ Àlàájì, ọmọ wọn sì kí mi láàárọ̀ yìí, mo dáhùn wẹ́rẹ́.