Irọ́ Ni Pé Kọ̀ǹpútà Ti Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Oníṣirò Owó

Ọ̀rọ̀ kan ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó: wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe, òye àtọwọ́dá (AI) sì ti dé, kí lèèyàn tún ń kọ́ dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì sí? Àwọn òbí pàápàá ti ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, irú ìgbàgbọ́ yìí sì ti ba ayé àwọn aláìṣẹ̀ jẹ́ rí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1999 ni Post Office ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo Horizon, ètò ìṣirò kan tó wá láti ọ̀dọ̀ Fujitsu. Ètò yìí ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó àwọn ẹ̀ka ilé ìfìwéránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó kankan ò sọnù. Wọ́n pariwo títí pé àwọn ò jalè. Ẹ̀rọ ni ilé ẹjọ́ gbà gbọ́, torí òfin ibẹ̀ ka kọ̀ǹpútà sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àfi tẹ́nì kan bá mú ẹ̀rí wá. Ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn pàdánù ilé wọn. Ọdún 2019 ni adájọ́ kan tó là á mọ́lẹ̀ pé Horizon ní àléébù, ó sì di 2024 kí òfin tó pa ẹ̀bi ọ̀pọ̀ wọn rẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè ò ju èyí tí oníṣirò owó ń béèrè lójoojúmọ́ lọ: iye yìí, ibo ló ti wá? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Rìsíìtì rẹ̀ dà?

Nígbà tí VisiCalc, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ìṣirò inú tábìlì ṣe fúnra rẹ̀, jáde lọ́dún 1979, iṣẹ́ kí èèyàn máa fi pẹ́ńsùlù tún gbogbo ìṣirò ṣe torí iye kan ṣoṣo tó yí padà dín kù lóòótọ́. Àwọn ọ̀gá wá ráyè béèrè púpọ̀ sí i: bí owó ọjà bá gbówó lórí ńkọ́? Bí oníbàárà bá dín kù ńkọ́? Ẹni tó lè dáhùn ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Oníbàárà san 1,200 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù October fún iṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ètò tó ń ka àkọsílẹ̀ báńkì rí 1,200 tó wọlé, ó lè kọ gbogbo rẹ̀ sí owó tá a pa lọ́dún yẹn. Àmọ́ bí ọdún ìṣirò bá parí ní December, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta péré la ṣe. 300 ló ti di tiwa. Gbèsè ni 900 yòókù, torí a ṣì jẹ oníbàárà yẹn ní iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ ro owó náà pọ̀ dáadáa, ojú méjèèjì ìwé, dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì, sì dọ́gba, síbẹ̀ èrè tó gbé jáde kì í ṣe òótọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kó tó fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ọ̀nà ojú méjì, níbi tá a ti ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sí ojú dẹ́bíìtì àti ojú kírẹ́díìtì, tí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice lọ́dún 1494 ṣì ni àwọn ètò ìṣirò òde òní dúró lé. Lẹ́yìn náà, kó kọ́ ẹ̀rọ náà dójú àmì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yí ìdánwò CPA, èyí tí èèyàn ń ṣe kó tó gba ìwé àṣẹ oníṣirò owó, padà ní 2024: ẹni tó ń ṣèdánwò á mú ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì dá lórí ètò kọ̀ǹpútà àti bá a ṣe ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka yòówù kó mú, dandan ni kó ṣe ìdánwò ìṣirò owó àti ti àyẹ̀wò ìwé owó.